Ẹ Má Tíì Lé Ológbò Yẹn Jáde

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ ní Fìdítì níbí, àtọmọdé àtàgbà: "Ológbò yẹn ò ṣe é gbà sílé, oníwàkiwà ni." Tẹ́ ẹ bá wá béèrè ohun tó ṣe, wọ́n á ní ó tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fa kọ́tíìnì ya, ó ń ké láago mẹ́rin ìdájí, ó sá sábẹ́ wọ́dúróòbù kò jáde fún ọjọ́ méjì. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé wọ́n á ká a mọ́nú àpò, wọ́n á lọ dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Èrò tèmi rèé, mi ò ní fi bọpo bọyọ̀: nínú nǹkan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kò sí ìwàkiwà kankan níbẹ̀. Ohun tí ológbò máa ń ṣe nìyẹn. Yàrá ni wọn ò ṣètò fún un.

Kí n sọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mò ń kàwé gboyè másítà lórí ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, àmọ́ Fìdítì ni mò ń sùn, torí owó ilé ìgboro Ìbàdàn ò ṣe é kò lójú fún akẹ́kọ̀ọ́. Self-contain ni yàrá mi, 10 by 12, kíṣíìnì ẹ̀ ò ju ibi téèyàn kan lè dúró yí padà lọ. Abo ológbò dúdú kan ló ń bá mi gbé níbẹ̀, Adú ni mo pè é. Ìyá kan tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú ọjà èso tó wà létí títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ló fún mi. Ológbò wọn bí mẹ́rin, wọ́n pín mẹ́ta, ó wá ku dúdú tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀.

Ká sòótọ́, púpọ̀ nínú wa kì í gba ológbò torí pé a fẹ́ máa fọwọ́ pa á lórí. Eku la tìtorí ẹ̀ gbà á. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ológbò ò bá sí nílé, ilé di ilé èkúté. Ẹ̀rù eku náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 nílùú Lassa ní Borno, eku ọlọ́mú púpọ̀ tó ń wọlé wá jẹ gààrí àti àgbàdo wa ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ kiri. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé bíi tàkúté ni ológbò rí, téèyàn kàn máa gbé e sílẹ̀ lálẹ́ kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, ìjákulẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá a.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹranko yìí ti wá. Ní 2007, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n yẹ DNA ológbò tó sún mọ́ 1,000 wò, ti ilé àti ti igbó. Gbogbo ológbò ilé tó wà láyé, Adú náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ológbò igbó kan tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Felis lybica ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, pàápàá ẹ̀ka ẹ̀ tó wà ní Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Irú ológbò igbó yìí ṣì wà nílẹ̀ Áfíríkà dòní. Ní erékùṣù Cyprus, wọ́n hú egungun ológbò kan tí wọ́n sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń gbé, ṣẹ́ ẹ rí i. Ṣùgbọ́n ajá lèèyàn yan ìwà fún láti ìran dé ìran, tó ń bá ọdẹ ṣọdẹ, tó ń bá darandaran da ẹran. Ológbò fúnra ẹ̀ ló tọ eku wá sídìí àká ọkà, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Adáṣọdẹ ni. Òórùn ló fi ń mọ ibùgbé ẹ̀, ó mọ igun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ bí ẹni mowó.

Ẹ wá gbé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó mọ̀, ẹ já a sílẹ̀ sáàárín yàrá tó ń rùn kẹrosíìnì, lọ́fínńdà àti bàtà àwọn tí kò mọ̀ rí, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń dún gbọ̀ọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Etí ológbò ń gbọ́ ìró tó ga ju 60,000 hertz lọ. Tàwa èèyàn ò kọjá 20,000. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Á wá ihò. Sísá pamọ́ yẹn kì í ṣe ìkórìíra, òun ló ń fi tọ́jú ara ẹ̀. Ní 2014, Claudia Vinke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht ní Netherlands gbé ìwádìí kan jáde lórí ológbò 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìtọ́jú ẹranko. Wọ́n fún mẹ́wàá nínú wọn ní àpótí tí wọ́n lè fara pamọ́ sí, wọn ò fún àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Àwọn tó rí àpótí tètè fara balẹ̀ ju àwọn tí ò rí lọ. Àpótí lásán o! Páálí Indomie tẹ́ ẹ ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà ti tó. Ẹ gé ojú kan sí i, ẹ tẹ́ aṣọ yín tó ti gbó sínú ẹ̀ kó lè mọ òórùn yín, ẹ gbé e sígun, kẹ́ ẹ wá gbójú kúrò níbẹ̀. Ẹ má fà á jáde. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oúnjẹ, omi àti yanrìn ni kẹ́ ẹ máa rò, kì í ṣe eré.

Tó bá yọjú, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ rọra pa ojú dé díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra là á. Mo mọ̀ pé ó dà bí ẹni tó ń sínwín. Àmọ́ àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, wọ́n gbé e jáde ní 2020: ológbò máa ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tó bá rọra ṣẹ́jú sí i, ó sì máa ń yá wọn lára láti sún mọ́ àlejò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Owó kankan ò sí nínú ẹ̀.

Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ pé yàrá ti kéré jù. Mi ò gbà. Onílé ń fi ilẹ̀ wọn yàrá. Ológbò ń fi òkè wọn ọ́n. Yàrá 10 by 12 tó ní orí wọ́dúróòbù tó ṣófo, pákó pẹlẹbẹ kan tẹ́ ẹ kàn mọ́ ògiri lápá òkè àti ojú fèrèsé tó ti lè máa wo ìta, ó tó o láti máa gbé. Ibi tó bá ti wà lókè tó ń rí gbogbo ẹni tó ń wọlé, ọkàn ẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń so ológbò mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má bàa sá lọ. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ẹranko tó ń fi sísá àti gígun òkè gba ara ẹ̀ là lẹ wá dè mọ́lẹ̀ yẹn. Tí ẹ̀rù bá bà á tí kò rọ́nà lọ, á buni jẹ.

Ó wá kan ìtọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dìjà. Bàbá onílé mi ò fọ̀rọ̀ pa mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rí Adú. Wọ́n ní, "Tí n bá gbóòórùn ìtọ̀ ológbò nínú ilé yìí, ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ máa kẹ́rù." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ máa bínú sà, ẹ ò ní gbọ́ ọ." Kì í ṣe ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́. Àwọn baba ńlá ológbò gbé nílẹ̀ gbígbẹ tómi ti ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tí kíndìnrín ẹ̀ fi máa ń fún omi inú ìtọ̀ gbẹ títí á fi ki. Àwọn akọ tí wọn ò tẹ̀ sì tún ní èròjà kan tó ń jẹ́ felinine nínú ìtọ̀ wọn dáadáa. Tó bá ti wà nínú afẹ́fẹ́ fúngbà díẹ̀, òun ló ń rùn bùrùbùrù yẹn. Ṣùgbọ́n ẹranko yìí kan náà ló fẹ́ràn láti gbẹ́ ilẹ̀, kó yàgbẹ́ sí i, kó sì bò ó. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ibi tó máa gbẹ́ ló ń wá. Tí kò bá sí yanrìn, bẹ́ẹ̀dì yín ló rọ̀ jù nínú yàrá!

Nítorí náà, ike fífẹ̀ kan tí etí ẹ̀ ò ga, yanrìn tí wọ́n ti sẹ́ kúnná nínú ẹ̀, kó jìn tó ìka mẹ́ta. Èmi ń lo yanrìn tí àwọn bíríkìlà ṣẹ́ kù, mo sá a sóòrùn dáadáa kí n tó lò ó. Ẹ gbé e jìnnà sí abọ́ oúnjẹ, torí ológbò kì í fẹ́ jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, àbí ẹ̀yin ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ máa kó ìgbẹ́ inú ẹ̀ lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tó wá lọ ṣe é sórí rọ́ọ̀gì, ó ti sọ tẹnu ẹ̀ nìyẹn. Ibi tó bá ti tọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ tó ní enzyme fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa. Ẹ má lo nǹkan ìfọlẹ̀ tó ní ammonia, torí òórùn ìtọ̀ ló jọ ní imú ẹ̀. Ẹ má sì da bleach lé ìtọ̀ lórí nínú yàrá tí kò láfẹ́fẹ́. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé. Tí akọ ológbò bá ń lọ síbi yanrìn lemọ́lemọ́, tó ń tiraka, tó ń ké, tí nǹkan kan ò jáde, ẹ má pè é ní ìwà. Ọ̀nà ìtọ̀ ẹ̀ ló ti dí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, torí ó lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Lílù ńkọ́? Ẹ̀mí mi ò gbà á, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ti àánú sílẹ̀ ká sọ ti sáyẹ́ǹsì. Ní 1898, Edward Thorndike, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Columbia ní New York, kan àwọn àpótí kan, ó ń ti ológbò mọ́nú wọn, ó gbé oúnjẹ síta. Okùn kan tàbí ìdábùú igi kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé tí ológbò bá fà á tàbí tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí. Lákọ̀ọ́kọ́, ológbò á máa ha gbogbo nǹkan títí á fi ṣèèṣì kàn án. Bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́bẹ̀ léraléra, àkókò tó ń lò ń kéré sí i. Ohun tí Thorndike rí dì mú ni pé ìwà tí ohun tó dùn bá tẹ̀ lé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹranko máa ń tún hù. Ẹ mọ́kàn le ọ̀rọ̀ náà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ológbò tó tọ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ tẹ́ ẹ wá nà láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò so ẹgba pọ̀ mọ́ ìtọ̀. Ẹ̀yin ló so ó mọ́: ẹ̀yin lẹ wọlé, ìrora sì tẹ̀ lé e. Á wá ṣeé ṣe kó tún máa tọ̀ kiri ju tàtẹ̀yìnwá lọ, torí ìpayà náà ń fa ìtọ̀ ìtakìtà.

Ohun kan náà ló ṣàlàyé igbe ìdájí. Àkókò tílẹ̀ ń mọ́ àti ìgbà tó ń ṣú ni ara ológbò máa ń yá gágá, torí ìgbà yẹn ni eku ń jáde. Tó bá wá ké láago mẹ́rin, tẹ́ ẹ dìde, tẹ́ ẹ fún un lẹ́ja kẹ́ ẹ lè rójú sùn, ẹ ti ṣe Thorndike fún un. Okùn àpótí ló fà, ilẹ̀kùn sì ṣí. Tẹ́ ẹ bá sì ń dìde lọ́jọ́ kan tẹ́ ò dìde lọ́jọ́ kejì, ìyẹn tún le jù, torí á mọ̀ pé tóun bá ṣáà ń ké, ọjọ́ ire ń bọ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ okùn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ mo ń wọ́ ọ kiri títí Adú á fi lé e, tó máa mú un, tí á rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ó ṣọdẹ, ó pa, ó jẹ, ó lá ara ẹ̀, ó sùn. Láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ ì báà ya, mi ò ní dìde títí fóònù mi fi máa dún. Ọ̀sẹ̀ kìíní le o, èmi àtàwọn ará ilé la jọ jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti dákẹ́.

Ti kọ́tíìnì ò tó ìjà. Ológbò gbọ́dọ̀ ha nǹkan: ó ń bọ́ èèpo èékánná tó ti gbó, ó ń na ara, òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń wà níbẹ̀ bí ẹní kọ orúkọ sára ògiri. Ẹ fi àpò kòkó wé pákó 2 by 4 kan, kó ga tó èyí tó lè na ara ẹ̀ tán sí, ẹ kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn. Ó parí.

Oúnjẹ ló wá kù, àti ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ pé "Má bọ́ ọ púpọ̀, kó lè máa pa eku." Ebi kọ́ ló ń kọ́ ológbò lọ́dẹ, kódà èyí tó yó ń dọdẹ. Èyí tẹ́ ẹ fi àmàlà tàbí ẹ̀bà rin mọ́lẹ̀ kàn ń jìyà ni. Ara ológbò kì í lè ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ taurine tó bó ṣe nílò ẹ̀, inú ẹran àti ẹja ló ti ń rí i. Ní 1975, àwọn olùwádìí fi hàn pé àìsí ẹ̀ ń fọ́ ojú ológbò. Ní 1987, Paul Pion àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kalifọ́níà fi hàn pé ó ń sọ ọkàn ẹ̀ di aláìlágbára. Orí ṣáwá, ọkàn adìyẹ, òkú ẹran díẹ̀ lọ́wọ́ alápatà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ da omi ẹ̀ mọ́ ọn torí taurine ń yọ́ sínú omi. Ẹ má fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Tí ara ẹ̀ bá sì gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní paracetamol. Hóró kan ṣoṣo lè pa á, torí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò lè fọ oògùn yẹn kúrò bíi tiwa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dúró de ọ̀rọ̀ àjẹ́ látòkè. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tó ń ké bí ọmọ ìkókó lórí páànù lọ́gànjọ́. Abo ológbò tí ara ń gbóná ló ń pe akọ, àwọn akọ méjì sì ń jà lé e lórí. Gígùn ojúmọ́ ló ń sọ fún ara ẹ̀ pé àsìkò ti tó. Nílẹ̀ òyìnbó, ojúmọ́ ń kúrú nígbà òtútù, igbe náà á dáwọ́ dúró. Níbi tiwa, ojúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba látoṣù January dé December, nítorí náà kò sí ìsinmi. Mo gbé Adú lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ìbàdàn kí wọ́n lè yọ ilé ọmọ ẹ̀. Owó náà dùn mí dé egungun. Àmọ́ láti ìgbà náà, kò ké pe ẹnikẹ́ni lóru, bàbá onílé ò sì rí ẹjọ́ rò. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Tí ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ kọrí sí ọsibítù. Aboyún ò gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ ẹ̀, nítorí toxoplasma. Kí ẹlòmíì máa kó o lójoojúmọ́, torí ẹyin kòkòrò náà nílò ó kéré tán ọjọ́ kan kó tó lè ranni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ò sí nínú yàrá mi. Ó wà nínú kọ́ńgọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ìyá tí yàrá wọn kọjú sí tèmi. Ota pia pia ni wọ́n pò mọ́ edé fún eku. DDVP ló wà nínú ọ̀pọ̀ ota pia pia yẹn: ó máa ń dí enzyme kan tó yẹ kó dá iṣan dúró lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, iṣan á wá máa gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, itọ́ á máa dà, èémí á dí. Bó ṣe ń pa eku náà ló ń pa ológbò, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pa ọmọ ọdún méjì tó bá fọwọ́ kan edé. Ológbò tó bá tún jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè bá a lọ. Mo lọ bá wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan tó wà nínú kọ́ńgọ́ yẹn, ológbò mi lè jẹ ẹ́."

"Ṣé kí eku wá jẹ mí ní gààrí tán torí ológbò rẹ ni?"

Ìbéèrè wọn tọ̀nà. Àpò gààrí méjì ni wọ́n ń tà lóṣù, eku ti gé ọ̀kan jẹ nídìí. Ẹni tó bá ní kí aládùúgbò má pa eku, ẹ jẹ́ kó mú nǹkan mìíràn dání. Mo ra tàkúté onírin mẹ́ta, mo bá wọn wá ike ńlá onídèérí tí gààrí á máa wà, mo fi àwọ̀n onírin dí ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Èmi náà sì kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé mi. Inú yàrá ni Adú ń gbé báyìí, kì í jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀wọ̀n ni mo jù ú sí, àmọ́ pẹ̀lú títì Ọ̀yọ́ níwájú àti ota pia pia lẹ́yìn, mi ò rí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀.

Eku mẹ́rin ti kó sí tàkúté títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Kọ́ńgọ́ yẹn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà pè mí, wọ́n ní tí ìyá ọlọ́sàn bá tún ní ọmọ ológbò, kí n bá àwọn gba ọ̀kan, kó ṣáà má ti dúdú.